Ìṣákọ́lẹ̀ lórí ère tó ń gún iyán

Agbẹ́gilére ni bàbá mi ní Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin, iṣẹ́ náà ni mo sì kọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá ti wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́ lọ́dọ̀ wa yóò mọ̀ pé àwọn ère kan wà tí ẹni tó gbé wọn rù máa ń fi okùn fà: ejò á bu ẹyẹ jẹ, obìnrin á gún iyán. Èmi fi mótò kéékèèké rọ́pò okùn. Mo fi ẹ̀rọ pẹ́ńpẹ́ kan sábẹ́ ère náà tó ń mọ̀ bí ènìyàn ṣe jìnnà sí i tó, tó sì ń gbọ́ àtẹ́wọ́. Bí o bá sún mọ́ ọn tó ìṣísẹ̀ méjì, obìnrin orí rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gún iyán. Bí o bá pàtẹ́wọ́, á máa gún un bí àtẹ́wọ́ rẹ ṣe yára tó. Bátìrì tí oòrùn ń kún ló ń gbé e. Ọdún méjì ni mo fi ṣe é.

Kí n tó ronú kan owó, mo lọ bá Ìyálàṣẹ̀ wa, ìyá tó jẹ́ olórí Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ṣàlàyé. Ìyá ní, "Ta ló ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́?"

"Ẹ̀yin ìyá wa ni, ìyá."

"Kí ló wá jẹ́ tìrẹ níbẹ̀?"

Ìbéèrè yìí ló là mí lójú jù. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kì í ṣe tèmi. Orúkọ Benin, Nàìjíríà àti Tógò ló wà lára rẹ̀ nínú ìwé ogún ti UNESCO láti 2008. Ohun tó jẹ́ tèmi ni bí mótò, igi àti ẹ̀rọ pẹ́ńpẹ́ yẹn ṣe so pọ̀ tí wọ́n fi ń dá ènìyàn lóhùn. Ìyá ní kí n má gbẹ́ Ìyáńlá, ère ọ̀wọ̀ ti ìyá àgbà, sórí rẹ̀ láéláé. Mo gbà.

Benin wà nínú OAPI, ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè 17 tó ń fún ènìyàn ní ìwé ẹ̀tọ́ lórí ohun tó bá hùmọ̀, tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Yaoundé, ní Kamẹrúùnù. Ìwé kan ṣoṣo tí wọ́n bá fún ọ, gbogbo wọn ló kàn. Mi ò béèrè brevet, ìyẹn pátẹ́ǹtì, tó ń lo 20 ọdún. Modèle d'utilité ni mo béèrè, ọdún 10 ni tirẹ̀, ohun èlò tí ìtò ara rẹ̀ jẹ́ tuntun ló sì wà fún. Mo wọ takisí gba Ìpóbẹ̀ àti Ìṣakẹ́tẹ́ dé Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), mo tún kọjá sí Kútọnu láti lọ fi ìwé sílẹ̀. Kí n tó fi í sílẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi kan ti ya fídíò ère náà, ó fẹ́ gbé e sórí WhatsApp. Mo bẹ̀ ẹ́ títí ó fi pa á rẹ́, nítorí ohun tí gbogbo ayé bá ti rí ṣáájú kì í ṣe tuntun mọ́ lójú òfin.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, oníṣòwò kan ní Àjàṣẹ́ tó ń ta iṣẹ́ ọnà fún àwọn hòtẹ́ẹ̀lì pè mí. "Ọ̀gá, ẹ gba 600,000 sẹ́fà, kí ọ̀rọ̀ tán." Ọwọ́ mi kò tíì kan irú owó bẹ́ẹ̀ rí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo ti mú bíírò nígbà tí àbúrò mi obìnrin, tó ń kọ́ni ní èdè Faransé, gba ìwé náà kà.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ dúró. Cession ni wọ́n kọ síbí, kì í ṣe licence."

Cession ni kí o ta ilẹ̀ rẹ pátápátá. Licence ni kí o fi ilẹ̀ fún ẹni tí yóò dáko: ilẹ̀ ṣì jẹ́ tìrẹ, ìṣákọ́lẹ̀ á sì máa wọlé. Bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe yé mi báyìí, mo ti bíírò sápò.

Ọjọ́ mẹ́ta la fi dúnàádúrà. A fàbọ̀ sí ọdún mẹ́ta, Benin àti Tógò nìkan. 150,000 sẹ́fà lọ́wọ́ kan. Lẹ́yìn náà, 7 nínú 100 iye tó bá ta ère kọ̀ọ̀kan, kí a máa ṣírò rẹ̀ ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Gbogbo rẹ̀ la kọ sílẹ̀, torí OAPI kò mọ àdéhùn ẹnu. Bí a kò bá sì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní Yaoundé, kò lè de ẹlòmíràn. Oníṣòwò náà ni yóò san owó ìyẹn. Ohun tí mo fi dandan lé jù ni pátákó idẹ kékeré tó ní nọ́ńbà, tí èmi fúnra mi ń tẹ̀, tí ère kankan kò gbọdọ̀ jáde láìní.

Idẹ yẹn ló gbà mí. Nígbà ìṣírò àkọ́kọ́, ère 8 ló kọ. Nọ́ńbà 11 ni mo ti fún un. Mo rọra béèrè. Ó ní mẹ́ta wà ní hòtẹ́ẹ̀lì kan tí kò tíì sanwó tán. Mo ní títà ni wọ́n. 90,000 ló ń ta ọ̀kọ̀ọ̀kan. Dípò 50,400, ó san 69,300.

Ọ̀rọ̀ bodè ló kù. Nàìjíríà kò sí nínú OAPI, àwa ará Kétu sì ní ẹbí ní Ìmẹ̀kọ. Ohun tó bá dáa lọ́dọ̀ wa kì í pẹ́ dé ọ̀hún. Àdéhùn Paris, èyí tí àwọn orílẹ̀-èdè jọ ṣe lórí ẹ̀tọ́ ẹni tó hùmọ̀ nǹkan, fún mi ní oṣù 12 láti ọjọ́ tí mo fi ìwé sílẹ̀ ní Kútọnu, kí n fi lè béèrè ní Nàìjíríà bí ẹni pé ọjọ́ kan náà ni. Nàìjíríà kò ní irú ìwé ọdún 10 yìí, pátẹ́ǹtì gan-an ni mo gbọ́dọ̀ béèrè. Oṣù 9 ti lọ. Mo ti ń bá amòfin kan sọ̀rọ̀ ní Abẹ́òkúta, ibẹ̀ sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú owó náà ń lọ.

Mo kọ́kọ́ yọ 10,000 nínú rẹ̀, mo gbé e lọ fún Ìyálàṣẹ̀. Mo ní ìṣákọ́lẹ̀ tèmi náà nìyí. Ìyá gba owó, ó ní ère náà ńkọ́. Mo gbé e sílẹ̀ níwájú wọn. Ìyá wò ó pẹ́, wọ́n pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n tún pa á, obìnrin orí ère sì ń gún iyán rẹ̀ tẹ̀lé ọwọ́ wọn.