Gígé Káàdì Dé Ìdajì Láì Jẹ́ Kó Já

Káàdì ìgbéyàwó tàbí pàálí ẹ̀bùn tí yóò ká gún régé, abẹ ẹ̀rọ agékáàdì tí kọ̀ǹpútà ń darí gbọ́dọ̀ gé ojú ìlà kíká rẹ̀ wọlé díẹ̀, kó sì fi ìyókù sílẹ̀ láti di apá méjèèjì mú. Bí a bá fi ọwọ́ lásán ká káàdì 250 gíráàmù (ìwúwo mítà kan níbùú lóròó rẹ̀), wọ́gọwọ̀gọ ni ojú rẹ̀ máa ń rí. Káàdì yẹn nípọn tó nǹkan bíi 0.3 mìlímítà, ohun tí à ń wá sì ni kí abẹ wọ inú rẹ̀ ní 0.1 sí 0.15. Ẹ rí i pé àṣìṣe tó tó irun orí ti tó láti bà á jẹ́.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà rèé: wọ́n rí i pé abẹ kò wọlé tó, wọ́n sáré fi kún agbára títẹ̀. Inú ilé kékeré kan ni abẹ ẹ̀rọ wà, ìdí ilé yẹn ló sì ń rá lórí káàdì. Bí ẹnu abẹ bá ṣe yọ síta tó, ibẹ̀ náà ló lè wọ̀ dé. Bó bá yọ ní 0.1 péré, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ títí, ilé abẹ ni yóò máa ha káàdì, ẹ ó rí ìlà dídán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú gígé. Bó bá yọ jù, agbára títẹ̀ nìkan ló ń dá a dúró, ìyẹn ò sì ṣeé gbára lé. Nítorí náà, abẹ ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe, kí agbára tẹ̀ lé e.

Lórí Silhouette Cameo, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ agékáàdì, abẹ tó ní nọ́ńbà ni wọ́n ń lò, láti 1 dé 10, ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ 0.1 mìlímítà. Ẹ fi sí 1, agbára 8, kó máa rìn pẹ̀lẹ́, ẹ̀ẹ̀kan péré ni kó sì kọjá lórí ìlà. Bí kò bá tó, ẹ fi 2 kún agbára, ẹ tún un dán wò. Bí ẹ bá dé 16 tí kò tíì tó, ẹ gbé abẹ sí 2, kí ẹ dá agbára padà sí 8. Ẹ̀rọ Cricut Explore àti Maker yàtọ̀: a kì í fọwọ́ yí bí abẹ wọn ṣe yọ tó, agbára nìkan ni ẹ lè dín kù nínú Design Space, ètò kọ̀ǹpútà tó ń darí wọn.

Orí irú káàdì kan náà ni kí ẹ ti dán an wò, kì í ṣe orí àjákù bébà tó wà nílẹ̀. Ẹ gé ìlà 3 sẹ̀ǹtímítà ní igun, kí ẹ gbé e síwájú iná. Bí ìmọ́lẹ̀ bá yọ, ó ti jìn jù. Ẹ fi èékánná ra ẹ̀yìn rẹ̀: bí ọwọ́ bá kan ìwú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ já nìyẹn.

Ìlà tí abẹ gé gbọ́dọ̀ wà níta ibi tí káàdì ń ká sí, kó lè lanu. Bí ẹ bá ká a sí ìhà ojú gígé, ètè rẹ̀ méjèèjì á máa ti ara wọn. Káàdì dúdú tí inú rẹ̀ funfun á fi funfun náà hàn níbẹ̀; fún irú èyí, ẹ lo kálámù ìfàlà tó ń tẹ káàdì wọlé láì gé e. Abẹ a sì máa wọlé jù níbi tó ti kọ́kọ́ balẹ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ kí ìlà kíká ku mìlímítà 1 kó tó dé etí.

Ìlà kíká ni kí ẹ kọ́kọ́ gé, kí ẹ tó gé etí káàdì já. Bí etí bá ti já, káàdì á máa sún lórí ẹní alẹ̀mọ́ tí a lẹ̀ ẹ́ mọ́ kó tó wọ inú ẹ̀rọ. Bí ẹ bá ń fọwọ́ yí abẹ láàárín iṣẹ́ méjèèjì, ẹ má yọ ẹní náà kúrò nínú ẹ̀rọ.

Bí ibì kan bá já tí ìyókù dára, ẹní ni kí ẹ yẹ̀ wò. Èérún bébà tó lẹ̀ mọ́ ọn máa ń gbé káàdì sókè sí abẹ, ibẹ̀ ni yóò sì ti já.

L'Ékìtì wa níbí, nọ́ńbà abẹ àti agbára tí ẹ lò lásìkò ọyẹ́ kọ́ ni kí ẹ lò nígbà òjò. Káàdì tó fa omi rọ̀, ó sì máa ń ya kàkà kó gé. Èyí tí ọyẹ́ gbẹ a máa ká ara rẹ̀ sókè lórí ẹní. Inú ọ̀rá ni kí ẹ tọ́jú káàdì sí, kó má fara kan ilẹ̀ tàbí ògiri.

Ti iná ńkọ́? Bó bá lọ láàárín iṣẹ́, ẹ̀rọ ò ní mọ ibi tó dé mọ́, káàdì yẹn ti lọ. Bí ọgọ́rùn-ún káàdì bá wà nílẹ̀ tí ayẹyẹ jẹ́ Sátidé, orí ínfátà ni kí ẹ ti gé e.