Bí mo ṣe pààrọ̀ ṣáàfù ẹ̀yìn Jeep CJ-7 mi

Ariwo ló kọ́kọ́ ta mí lólobó. Bí mo bá ti kúrò ní rìfáàsì bọ́ sí jíà kìn-ín-ní, tí mo sì ń tú kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, ẹ̀yìn lápá òsì á dún "kò!" lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, á sì dákẹ́. Mo rò pé pùròpẹ́là ni, mo yẹ̀ ẹ́ wò, kò sí nǹkan tó ṣe é. Ìgbà tí mo ṣí ìdérí àárín rímù ni mo tó rí i: lẹ́búlẹ́bú pupa kúnná bí ẹlùbọ́ yí nọ́ọ̀tì ńlá tó wà lórí họ́ọ̀bù, irin tí a ń de rímù mọ́, ká. Irin méjì tó yẹ kó dúró gbọin-gbọin ló ń gbo ara wọn.

Axle, ìyẹn odindi irin ìdábùú tó so táyà méjèèjì pọ̀, tí wọ́n ń pè ní AMC 20 ló wà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ Jeep CJ tí wọ́n ṣe láàárín 1976 sí 1986. Àwọn èèyàn máa ń sọ pé kò lágbára, ọ̀rọ̀ náà sì máa ń dùn mí, torí àbùkù tí wọ́n ń kà sí i lọ́rùn kì í ṣe ti gbogbo ara rẹ̀. Jíà ńlá inú rẹ̀ fẹ̀ tó ínṣì 8.875, ó ju ti Dana 44, axle mìíràn, lọ. Ẹ̀bá táyà ni wàhálà rẹ̀ wà. Họ́ọ̀bù dá wà lọ́tọ̀, ṣáàfù, irin gígùn inú axle tó ń yí táyà, dá wà lọ́tọ̀. Ńṣe ni wọ́n ki họ́ọ̀bù bọ orí ṣáàfù tó rí ṣóńṣó, wọ́n fi irin pẹlẹbẹ kékeré kan há a, wọ́n wá fi nọ́ọ̀tì dè é. Nọ́ọ̀tì yẹn gbọ́dọ̀ le tó 250 lb-ft (ìwọ̀n agbára tí a fi ń fún nọ́ọ̀tì). Bó bá dẹ̀ pẹ́nrẹ́n, tí táyà gìrìwò sì ń gun òkúta, irin kékeré náà á gé, ṣáàfù á máa yí, táyà kò ní lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ra ṣáàfù alódidi, èyí tí ṣáàfù àti ojú ibi tí a ń de rímù mọ́ jẹ́ irin kan náà.

Bíréèkì ọwọ́ kò di táyà iwájú mú rárá, nítorí náà bí ẹ bá ti gbé ẹ̀yìn ọkọ̀ sókè, kò sí ohun tó dá a dúró mọ́. Mo fi igi ńlá há táyà iwájú méjèèjì, níwájú àti lẹ́yìn, mo sì gbé ṣásí lé sítáǹdì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé dúró.

Họ́ọ̀bù òsì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba odindi ọjọ́ kan. Mo tú nọ́ọ̀tì rẹ̀ dé etí, n kò yọ ọ́ tán, torí họ́ọ̀bù tó ti há fún ọdún pípẹ́ lè fò jáde bí ọta ìbọn. Mo de púlà, irinṣẹ́ tó ń fa họ́ọ̀bù jáde, mọ́ ọn, mo fún un le, kò mira. Mo da ọ́ìlì tó ń wọ ìpẹtà sí i, mo fi púlà sílẹ̀ lórí rẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí di ọjọ́ kejì. Láàárọ̀, mo fi òòlù lu orí púlà náà lẹ́ẹ̀kan péré, ó sì já. Nígbà tí mo yọ irin kékeré inú rẹ̀, apá kan rẹ̀ ti jẹ wọnú, ìdajì tó kù sì ti là láàárín. Díẹ̀ ló kù kó gé. Apá ọ̀tún kò fún mi ní wàhálà tó bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn tí ṣáàfù àtijọ́ ti jáde, tí mo sì ti yọ síìlì, rọ́bà tó ń dá ọ́ìlì dúró, kúrò, mo ní kí wẹ́dà jó páìpù axle mọ́ àpótí jíà tó wà láàárín. Ojú jíjó kékeré inú ihò nìkan ló mú wọn pọ̀ látilẹ̀, páìpù sì lè yí nínú àpótí náà bí agbára bá pọ̀. Irin dídà ni àpótí yẹn, kì í fẹ́ iná òjijì. Wẹ́dà náà kọ́kọ́ mú un gbóná, ó ń jó díẹ̀díẹ̀ lódì-kejì ara wọn, ó sì jẹ́ kó tutù fúnra rẹ̀.

Ibi tí mo ti ṣe àṣìṣe nìyí, ẹ fara balẹ̀ kà á. Irin pẹlẹbẹ tó ń di ṣáàfù mọ́ ẹnu axle ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọ ṣáàfù, kí bíárìn tó tẹ̀ lé e, kí òrùka tó ń di bíárìn mú wá kẹ́yìn. Mo gbàgbé irin pẹlẹbẹ yẹn. Présì ti tẹ bíárìn àti òrùka wọlé tán kí n tó rí i lórí tábìlì. Bíárìn tí a bá fi ipá yọ kò ṣeé tún lò, nítorí náà mo lọ ẹ̀gbẹ́ òrùka náà títí ó fi kù díẹ̀ kó kan ṣáàfù, mo fi ṣísù là á, mo sì ra bíárìn àti òrùka mìíràn. Nígbà kejì, mo to gbogbo wọn sílẹ̀ ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́ kí n tó fọwọ́ kan présì. Bíárìn lọ́tọ̀, òrùka lọ́tọ̀. A kì í tẹ méjèèjì pọ̀.

Mo fi gírísì pa ètè síìlì tuntun, mo sì gbé ṣáàfù wọlé láì jẹ́ kó sùn lé e. Mo dá bíréèkì padà, mo lé afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, mo rọ ọ́ìlì jíà 80W-90 GL-5 títí ó fi dé ẹnu ihò tí a ń rọ ọ́ sí.

Ariwo "kò!" yẹn lọ pátápátá. Àmọ́ nígbà tí mo tú dúrọ́ọ̀mù bíréèkì wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, apá òsì tutù fún ọ́ìlì. Síìlì kò ṣe nǹkan kan. Ihò kékeré tí afẹ́fẹ́ inú axle ń gbà jáde ni ẹrẹ̀ ti dí: bí inú rẹ̀ bá gbóná, afẹ́fẹ́ kò ríbi jáde, ó wá ń ti ọ́ìlì gba ètè síìlì. Mo fọn ẹrẹ̀ náà kúrò, mo de rọ́bà gígùn mọ́ ẹnu rẹ̀, mo sì gbé orí rọ́bà náà dé òkè ṣásí níbi tí omi kò lè dé. Mo fọ bíréèkì mọ́ tónítóní, mo sì tún tú u wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Ó gbẹ.