Bí Mo Ṣe Ń Kó Irúgbìn Àgbàdo Ìbílẹ̀ Jọ ní Agbègbè Òṣogbo

Kì í ṣe àgbàdo tó dára jù ni mò ń wá kiri. Mo kọ́kọ́ sọ ìyẹn torí pé òun ló darí gbogbo ohun tí mo ṣe, láti inú oko títí dé inú ìgò. Ẹ mú àgbàdo funfun ẹlẹ́fun tí àwọn ìyá ẹlẹ́kọ fẹ́ràn, èyí tí hóró rẹ̀ rọ̀, tó tètè ń rin nínú omi, tó sì rọrùn láti lọ̀. Lójú, oríṣi kan ṣoṣo ni. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá rìn la oko rẹ̀ kọjá, ẹ ó rí i pé ọ̀kan ti yọ òdòdó kí èkejì tó múra, háhá tibí dì pinpin bo ṣírí dé orí, tọ̀hún ṣí lẹ́nu, òmíràn sì ṣì tutù minimini nígbà tí ọ̀dá ti ká ewé àwọn yòókù kò. Àwọn ìyàtọ̀ wọ̀nyí ni ọrọ̀ àgbàdo ìbílẹ̀. Ẹni tó bá yan ṣírí mẹ́ta tó tóbi jù, púpọ̀ nínú ọrọ̀ yẹn ló fi sílẹ̀ lóko.

Àìsí irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ léwu. Ní Amẹ́ríkà ní 1970, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú irúgbìn àgbàdo haibíríìdì tí wọ́n gbìn ló jogún ohun kan náà láti ọ̀dọ̀ ìyá, èyí tí wọ́n ń pè ní Texas cytoplasm. Kì í jẹ́ kí òdòdó akọ yọ àtíkè, ìyẹn lẹ́búlẹ́bú tó ń mú kí ọmọ àgbàdo yọ hóró, nítorí náà àwọn tó ń ṣe irúgbìn kò nílò láti máa san owó fún ẹni tí yóò ja òdòdó. Àrùn tó ń jó ewé wá mọ ibi tí gbogbo wọn ti jọra, nǹkan bí ìdá 15 nínú 100 ìkórè orílẹ̀-èdè náà sì ṣègbé. Lọ́dọ̀ tiwa ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, àrùn ìpẹtà ewé dé ní ìparí àwọn ọdún 1940, inú àwọn àgbàdo Mẹ́síkò àti Àárín Gbùngbùn Amẹ́ríkà ni wọ́n sì ti rí àbùdá tó lè dojú kọ ọ́. Mo tún máa ń rántí oríṣi àgbàdo kan tí wọ́n ń pè ní opaque-2. Ní 1964, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Purdue ní Amẹ́ríkà fi hàn pé lysine, èròjà purotéènì kan tí ara nílò, tó wà nínú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti àgbàdo lásán. Hóró rẹ̀ rọ̀, kò dán rárá. Ẹni tó ń ṣa àgbàdo tó ń dán nìkan ì bá ti dà á nù.

Ìgbà ìkórè àgbàdo kejì, ní oṣù kọkànlá sí ìkejìlá, ló dára jù láti kó irúgbìn. Àgbàdo àkọ́rọ̀ òjò, tútù ni wọ́n ń jẹ ẹ́, èyí tó bá sì kù lórí ìdúró, òjò á máa pa á, yóò bu. Mi ò kó irúgbìn ní Ọjà Ọba tàbí Ìgbọ̀nà, torí àgbàdo ọjà ti dàpọ̀ láti ibi púpọ̀, kò sí ẹni tó lè sọ ìtàn rẹ̀. Abúlé ni mo ń lọ, níhà Ìlobù, Ìkìrun àti Ìdó-Ọ̀ṣun. Ìbéèrè àkọ́kọ́ mi ni: “Bàbá, ọwọ́ ta ni ẹ ti gba irúgbìn yìí?” Tí wọ́n bá ní ọ̀dọ̀ ìjọba ni, tàbí pé orí àtẹ ni wọ́n ti rà á, mo kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, àgbàdo tí ìjọba pín nígbà kan lè pẹ́ lọ́wọ́ àgbẹ̀ títí tí gbogbo èèyàn á fi máa pè é ní ìbílẹ̀. Mo tún máa ń bi àwọn ìyàwó ilé léèrè, torí wọ́n mọ èyí tó dára fún ògì, fún àádùn tàbí fún ẹ̀gbo, wọ́n sì mọ èyí tí kòkòrò kì í tètè jẹ lórí àjà.

Nínú oko, mo máa ń yà sọ́tùn-ún, mo máa ń yà sósì, mo ń já ṣírí kan lẹ́yìn iye ìṣísẹ̀ kan náà láìwo bó ṣe tóbi tó, títí yóò fi tó 50 ó kéré tán. Èyí tó bu tàbí tó jẹrà nìkan ni mo fò. Mi ò fọwọ́ kan poro tó wà létí oko tó bá kángun sí àgbàdo ẹlòmíràn. Tó bá jẹ́ inú àká ni àgbàdo wà, mo mú lókè, láàárín àti nísàlẹ̀. Mo ń san owó gbogbo ṣírí tí mo bá mú, mo sì ń gba àṣẹ kí n tó kọ orúkọ onílé. Pẹ́ńsù ni mo fi ń kọ̀wé, torí yíǹkì máa ń ṣàn tí ọ̀rinrin bá dé: abúlé, ọjọ́, orúkọ tí wọ́n ń pe àgbàdo náà, oṣù tí wọ́n gbìn ín, ohun tí wọ́n fi ń ṣe. Ìwé kan nínú àpò, ìkejì lára rẹ̀.

Ibi yíyọ hóró kúrò lára ṣírí ni ọ̀pọ̀ ti ń ba iṣẹ́ jẹ́. Tí a bá yọ gbogbo hóró pọ̀, tí a wá bù ú, ṣírí ńlá ni yóò pọ̀ jù nínú rẹ̀. Nítorí náà hóró 40 ni mo ń mú lára ṣírí kọ̀ọ̀kan, láàárín rẹ̀, kì í ṣe ní ìdí tàbí ní ṣóńṣó. Ṣírí 50 á fún mi ní hóró 2,000, tó tó nǹkan bí ìdajì kílò. Tí mo bá rí hóró pupa níhìn-ín lọ́hùn-ún lára ṣírí funfun, mo mọ̀ pé àtíkè àgbàdo pupa ti wọlé, torí àwọ̀ bàbá máa ń hàn lára hóró lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n pé gbogbo hóró funfun kò túmọ̀ sí pé nǹkan kan ò wọlé. Àgbàdo funfun ti aládùúgbò kò ní fi àmì kankan sílẹ̀.

Láti sọ irúgbìn náà di púpọ̀, ó yẹ kó jìnnà tó 200 mítà sí àgbàdo míì, tàbí kí ìgbà tí wọ́n yóò yọ òdòdó fi bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin yàtọ̀. Lágbègbè Òṣogbo, níbi tí oko kékeré ti fara kan ara wọn, tí gbogbo èèyàn sì ń gbìn lẹ́yìn òjò àkọ́kọ́, ọwọ́ ni mo fi ń fún un ní àtíkè. Igi àgbàdo 200 ni mo gbìn, 75 sẹ̀ǹtímítà láàárín poro, 25 láàárín igi, hóró méjì sínú ihò. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì mo fa ọ̀kan tu, èyí tó bá ti wà lápá òsì, yálà ó tóbi tàbí ó kéré. Mi ò fún un ní ajílẹ̀ púpọ̀, torí àgbàdo ìbílẹ̀ máa ń ga, yóò sì wó. Láti 2016 tí armyworm, kòkòrò tó ń jẹ ewé àgbàdo, ti dé, mo máa ń ṣí àárín ewé wò léraléra láti ìgbà tó bá ti hù.

Kí irùkẹ̀rẹ̀ tó yọ lẹ́nu ọmọ àgbàdo ni kí ẹ ti fi àpò pépà bò ó. Bó bá ti yọ kí ẹ tó bò ó, ó ti gba àtíkè ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn, ẹ fi í sílẹ̀. Nírọ̀lẹ́, mo gé irùkẹ̀rẹ̀ náà ku díẹ̀ kó lè tún yọ dọ́gba, mo sì fi àpò bo òdòdó orí. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, tí ìrì bá ti gbẹ, ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án sí mọ́kànlá, mo gbọn àtíkè sínú àpò, mo pa ti igi púpọ̀ pọ̀, mo sì dà á sórí irùkẹ̀rẹ̀ àwọn igi mìíràn. Mi ò jẹ́ kí igi kan gba àtíkè ara rẹ̀, torí ọmọ irú rẹ̀ máa ń rán, agbára rẹ̀ á sì dín kù. Oòrùn ọ̀sán tètè ń pa àtíkè, ẹ má gbé e kiri. Àpò náà ń padà sórí ọmọ, pẹ̀lú ọjọ́ lára rẹ̀. Ohun tí mò ń wá ni ṣírí 100 tó yọmọ dáadáa, ìdí sì nìyẹn tí mo fi gbin 200: àwọn kan á wó, àwọn kan ò ní bá àkókò mu.

Abẹ́ ibòji tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí ni mo ń sá a, kì í ṣe orí títì ọ̀dà. Ooru tó bá kọjá 40°C lè pa ọlẹ̀ inú rẹ̀. Láti yẹ̀ ẹ́ wò, mo da iyọ̀ gbígbẹ ṣíbí díẹ̀ sínú ìgò gbígbẹ pẹ̀lú ife àgbàdo kan, mo gbọ̀n ọ́n fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, mo gbé e kalẹ̀ fún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Tí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, omi inú rẹ̀ ṣì ju ìdá 15 nínú 100 lọ. Tí kò bá lẹ̀, ó tó fún jíjẹ, kò tíì tó fún irúgbìn. Mo wá fi silica gel, hóró wẹ́wẹ́ tó ń fa omi mu, tó wúwo bákan náà sínú agolo tí mo dí pa, fún ọ̀sẹ̀ kan. Ìdá 1 nínú 100 omi tó bá tún jáde ń fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ọjọ́ ayé irúgbìn di ìlọ́po méjì, bẹ́ẹ̀ náà ni 5°C tí ibi ìpamọ́ bá fi tutù sí i.

Mo pín in sí mẹ́ta. Apá kan padà sọ́dọ̀ àgbẹ̀ tó fún mi. Apá kan lọ sí Ìbàdàn, sí NACGRAB, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń tọ́jú irúgbìn, ní Moor Plantation, pẹ̀lú gbogbo àkọsílẹ̀ rẹ̀, torí nínú ilé ìpamọ́ bíi ti CIMMYT, ilé ìwádìí àgbàdo àti àlìkámà lágbàáyé, ní Mẹ́síkò, tó ní ju 28,000 irúgbìn àgbàdo lọ, èyí tí kò ní àkọsílẹ̀ kò ṣeé wá rí. Apá kẹta wà lọ́dọ̀ mi, nínú ìgò, nínú fíríìjì. Lọ́dọọdún mo yọ 100 hóró, mo wé wọn sínú aṣọ tútù fún ọ̀sẹ̀ kan. Tí èyí tó hù kò bá tó 85, a tún gbọ́dọ̀ gbìn ín.