Bí a ṣe yẹ ilẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun wò lẹ́yìn tí wọ́n kó àgò ẹja kúrò

Iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi lọ́wọ́ ni pé kí a wádìí bóyá ilẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun ti ń sàn níbi tí wọ́n ti fi ọ̀pọ̀ ọdún sin ẹja sámọ́nì nínú àgò alàwọ̀n. Ó ti lé ní ọdún kan tí wọ́n ti kó àgò náà kúrò, ojú omi sì mọ́ gaara. Ṣùgbọ́n oúnjẹ tí ẹja kò jẹ àti ìgbẹ́ wọn, ìsàlẹ̀ ni wọ́n máa ń rọ̀ sí.

A yan abẹ́ ibi tí àgò wà gan-an, ibi tí ó tó mítà 50 sí i, àti ibì kan tí ó jìnnà, tí ìdọ̀tí kò dé rí, láti fi ṣe òṣùwọ̀n. Níbi òṣùwọ̀n yìí ni a ti kọ́kọ́ ṣìṣe. Ilẹ̀ oníyanrìn ni a mú, omi rẹ̀ kò sì jìn tó ti abẹ́ àgò, bẹ́ẹ̀ ẹ̀dá inú yanrìn yàtọ̀ sí ẹ̀dá inú ẹrẹ̀. A da gbogbo ohun tí a kó níbẹ̀ nù, a sì fi odindi ọjọ́ kan wá ibòmíràn tí ó bá a mu.

Irin tí ẹnu rẹ̀ ń pa dé bí ẹ̀mú ni a fi ń bu ẹrẹ̀ náà, ẹ̀ẹ̀mẹta níbi kọ̀ọ̀kan. Kí a tó fọwọ́ kàn án, a ó wo àwọ̀ rẹ̀, a ó sì gbóòórùn rẹ̀. Èyí tí ó wá láti abẹ́ àgò ní ìpele pupa rẹ́súrẹ́sú lókè, tí kò nípọn ju èékánná lọ. Dúdú ni abẹ́ rẹ̀, ó sì ń rùn bí ẹyin tí ó ti bàjẹ́. Bí ìdọ̀tí bá pọ̀ jù, àwọn bakitéríà tí ń jẹ ẹ́ á lo ọ́síjìn inú ẹrẹ̀ tán, àwọn mìíràn tí ń lo sọ́féètì, ọ̀kan lára èròjà iyọ̀ inú omi òkun, á sì gba iṣẹ́ náà, wọn á máa tú gáàsì olóró háídírójìn sọ́fáídì jáde. Inú mi dùn sí ìpele pupa yẹn, nítorí ó fi hàn pé ọ́síjìn ti ń wọlé padà.

A fi asẹ́ onihò mìlímítà 1 ṣan ẹrẹ̀ náà, a rẹ ohun tí ó kù sínú fómálíìnì, omi oògùn tí kì í jẹ́ kí òkú ẹ̀dá jẹrà, a sì fi ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kà á lábẹ́ máíkírósíkóòpù. Iye ẹ̀dá tí ó wà lábẹ́ àgò ju ti ibi òṣùwọ̀n lọ fíìfíì, ẹlẹgbẹ́ mi kan sì rò pé ìwòsàn ti dé. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀, nítorí pé Capitella, aràn pupa tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú, ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn. Láti ọdún 1978 ni Pearson àti Rosenberg, àwọn onímọ̀ nípa ẹ̀dá òkun, ti ṣàlàyé rẹ̀ pé irú aràn bẹ́ẹ̀ ni í kọ́kọ́ gba ilẹ̀ tí ìdọ̀tí ti bò, àti pé bí ilẹ̀ náà bá ṣe ń sàn ni iye wọn ń dínkù, tí oríṣiríṣi ẹ̀dá mìíràn sì ń pọ̀ sí i. Ìdínkù ni ó yẹ kí a máa retí nígbà náà.

Ibi mítà 50 ni ó fún mi ní ìrètí jù. Láàárín àwọn ọmọ ẹ̀dá oníkarahun wẹ́wẹ́, mo rí ẹ̀dá oníràwọ̀ kan tí ara rẹ̀ kò tó orí ìṣó, ọwọ́ rẹ̀ márààrún pé. Irú rẹ̀ tí ó ti dàgbà ni ó kún ibi òṣùwọ̀n, tí ń ri ara mọ́ ẹrẹ̀, tí ń na ọwọ́ sókè sínú omi, tí ó sì ń tipa bẹ́ẹ̀ jẹ́ kí omi ọlọ́síjìn wọnú ilẹ̀. Ọmọ tí ìṣàn omi gbé wá ni èyí, ó sì ti rí ibi gbé.

Bàbà tí ó wà nínú ọ̀dà àwọ̀n àti síǹkì inú oúnjẹ ẹja ṣì wà lábẹ́ àgò, nítorí bakitéríà kò lè jẹ irin tán. Ohun tí a kọ sínú ìròyìn wa ni pé ilẹ̀ náà ń sàn ṣùgbọ́n kò tíì sàn, kí wọ́n má sì dá àgò padà síbẹ̀. A óò padà lọ ní irú àkókò kan náà lọ́dún tí ń bọ̀, nítorí pé àkókò tí ọmọ ẹ̀dá òkun ń balẹ̀ máa ń yí iye tí a ó kà padà.