Ìrírí mi: kíbọ́ọ̀dù láptọ́ọ̀pù, ríbọ́ọ̀nù mẹ́ta, àti ìdérí kan tó ti sọnù

Láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ olójú 14 ínǹṣì ni. Tíì dà sí i lórí, bọ́tìnnì mẹ́fà tí kò sún mọ́ra kò ṣiṣẹ́ mọ́, iná abẹ́ kíbọ́ọ̀dù náà ti kú. Kí n pààrọ̀ kíbọ́ọ̀dù ni iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún mi. Síkúrù kì í yọ èèyàn lẹ́nu nínú iṣẹ́ báyìí. Àwọn kọnẹ́kítọ̀ (ojú ìsopọ̀ wáyà) kéékèèké orí bọ́ọ̀dù (pátákó tó gbé àwọn ẹ̀yà inú ẹ̀rọ), tí ìdérí wọn kò nípọn ju èékánná ọmọdé lọ, ló ń sọ iṣẹ́ wákàtí méjì di iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan. Eléyìí sì ti kọjá lọ́wọ́ ẹlòmíràn kí ó tó dé ọ̀dọ̀ mi.

Ohun tí mo tẹ́ sórí tábìlì kò pọ̀: síkúrúdíráfà kékeré ẹlẹ́nu àgbélébùú PH0 àti PH1, ẹ̀mú ẹlẹ́nu ṣóńṣó, ẹ̀mú ẹlẹ́nu títẹ̀, ike pẹlẹbẹ tí mo gé lára káàdì ATM tó ti kú, téèpù Kapton aláwọ̀ oyin tí ooru kì í yọ́, ọtí ìfọnǹkan isopropyl 99%, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó rọ̀, àti awò tí ń sọ nǹkan di ńlá. Ríbọ́ọ̀nù, ìyẹn wáyà pẹlẹbẹ tó rí bíi téèpù, ni mo ń fi ẹ̀mú onírin dì mú. Ìdérí kọnẹ́kítọ̀, ike tàbí èékánná ni mo fi ń ṣí i, torí pé irin kì í jẹ́ kí ọwọ́ mọ ìgbà tí ike fẹ́ ṣẹ́. Mo fọ ọwọ́, mo nù ún gbẹ. Iyọ̀ wà nínú òógùn, ibi tó bá sì kàn lára eyín ríbọ́ọ̀nù (àwọn ojú irin kéékèèké tí iná ń gbà kọjá), bó pẹ́ bó yá, á ṣú. Lákòókò ọyẹ́, mo tún máa ń kọ́kọ́ fọwọ́ kan irin tí wọn kò kùn lọ́dà, kí iná tí ń ta ni ní pàó lára lè jáde síbẹ̀ dípò kí ó jáde sára bọ́ọ̀dù.

Bátìrì ló kọ́kọ́ ń kúrò, kódà bó jẹ́ ríbọ́ọ̀nù kan ṣoṣo ni mo fẹ́ fà. Pípa ẹ̀rọ kò tó. Níwọ̀n ìgbà tí bátìrì bá ṣì so mọ́ bọ́ọ̀dù, iná ṣì wà níbìkan lórí rẹ̀. Àwọn ThinkPad tí bátìrì wọn wà nínú ikùn tilẹ̀ ní ohun kan nínú BIOS (ojú ìṣètò tí èèyàn ń wọ̀ kí Windows tó bẹ̀rẹ̀), lábẹ́ Config, ní abala Power, tí wọ́n kọ Disable Built-in Battery sí. Mo máa ń tẹ̀ ẹ́ kí n tó ṣí ìdí wọn. Eléyìí kò ní irú rẹ̀. Mo wo kọnẹ́kítọ̀ bátìrì láti ẹ̀gbẹ́ kí n tó fọwọ́ kàn án. Oríṣi kan wà tí wọ́n ń tì jáde ní ìbúlẹ̀, tí kò ní kúrò lójú bọ́ọ̀dù títí tí yóò fi yọ; òmíràn wà tí wọ́n ń gbé sókè tààrà bí ìdérí ìkòkò. Ẹni tó bá gbé oníbùúlẹ̀ sókè yóò hú u tòun ti lẹ́ẹ̀dì tí wọ́n fi jó o mọ́ bọ́ọ̀dù. Ti ẹ̀rọ yìí jẹ́ oníbùúlẹ̀. Mo fi èékánná ti etí rẹ̀ ọ̀tún díẹ̀, mo ti òsì díẹ̀, mo ń pààrọ̀ wọn bẹ́ẹ̀ títí ó fi jáde. N kò fa wáyà rárá. Lẹ́yìn èyí mo tẹ bọ́tìnnì ìtanná mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 20, kí iná tó kù nínú àwọn kapásítọ̀ lè tán.

Bọ́ọ̀dù ló bo kíbọ́ọ̀dù mọ́lẹ̀ nínú ẹ̀rọ yìí, nítorí náà gbogbo ohun tó so mọ́ bọ́ọ̀dù ló gbọ́dọ̀ kúrò. Mo ya fọ́tò kọ̀ọ̀kan wọn kí n tó yọ wọ́n, láti òkè àti láti ẹ̀gbẹ́. Fáànù àti sípíkà kò gba àkókò: púlọ́ọ̀gì funfun kékeré ni tiwọn, etí méjì rẹ̀ ni mo sì ń tì, bíi ti bátìrì. Ẹni tó bá fa wáyà wọn, wáyà nìkan ni yóò bá lọ́wọ́, púlọ́ọ̀gì yóò dúró sí àyè rẹ̀.

Wáyà éríà Wi-Fi yàtọ̀. Orí rẹ̀ jẹ́ òrùka irin tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ bíi mílímítà méjì, ó sì ń há mọ́ ìdí rẹ̀ lórí káàdì. Kò fẹ́ kí wọ́n máa yọ ọ́ kiri. Ilé-iṣẹ́ Hirose, tó ṣe oríṣi tí wọ́n ń pè ní U.FL, kò fọwọ́ sọ̀yà fún un kọjá yíyọ àti ìdápadà ìgbà 30. Ìdí nìyí tí n kò fi yọ ọ́: síkúrù kan ṣoṣo ló di káàdì Wi-Fi mú, mo tú u, mo gbé káàdì náà kúrò tòun ti wáyà méjèèjì lórí rẹ̀, mo sì fi téèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ kan. Nígbà tí kò bá sí ọ̀nà àbáyọ, ike pẹlẹbẹ ni mo ń tì sábẹ́ ọrùn òrùka náà, n ó gbé e sókè tààrà láìyí i. Ní ìdápadà, mo máa ń wò ó láti òkè kí òrùka lè ṣe déédéé lórí ìdí rẹ̀ kí n tó tẹ̀ ẹ́. Bó bá ti bọ́ sí i, ọwọ́ á gbọ́ ọ ní “kóp” kékeré. Tí kò bá dún, kì í ṣe kí èèyàn fi kún agbára, kí ó gbé e kúrò ni, kó tún un tò. Òrùka tí wọ́n tẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ á là, kò sì ní há mọ́ láéláé. Wi-Fi á máa ṣiṣẹ́ nítòsí router, á kú bí wọ́n bá wọ yàrá kejì.

Kọnẹ́kítọ̀ ojú láptọ́ọ̀pù ni mo bẹ̀rù jù nínú gbogbo wọn. Eyín 30 ló wà nínú eléyìí, ọ̀pá irin tín-ín-rín kan sì dábùú rẹ̀. Mo bó téèpù orí rẹ̀, mo gbé ọ̀pá irin náà dìde, mo sì fi í fa kọnẹ́kítọ̀ jáde ní ìbúlẹ̀. Ewu rẹ̀ wà nígbà ìdápadà. Ọ̀nà iná tí ń tan ìmọ́lẹ̀ ẹ̀yìn ojú ẹ̀rọ máa ń gbé fóótì púpọ̀, àwọn ọ̀nà àwòrán tó wà nínú kọnẹ́kítọ̀ kan náà kì í sì í gbé ju díẹ̀ lọ. Bí ó bá wọlé ní ìdágẹ̀rẹ̀ tí bátìrì sì ti wà níbẹ̀, iná ńlá lè fo sórí eyín tí kì í ṣe tirẹ̀. Bí orí bá bá ẹni ṣe é, fíúsì kékeré tó wà nítòsí kọnẹ́kítọ̀ ni yóò jó: ojú ẹ̀rọ á ṣókùnkùn, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tan tọ́ọ̀ṣì sí i, àwòrán á hàn féérú-féérú. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, bọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀ ni yóò lọ.

Lẹ́yìn gbogbo èyí ni mo tó dé ibi ríbọ́ọ̀nù mẹ́ta: ti kíbọ́ọ̀dù, ti ibi ìfọwọ́rà (touchpad), àti ti iná abẹ́ kíbọ́ọ̀dù. Irú kọnẹ́kítọ̀ tí wọ́n ń pè ní ZIF ni tiwọn. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ríbọ́ọ̀nù ń wọlé, ó sì ń jáde láìlo agbára. Tí agbára bá ti wọ̀ ọ́, nǹkan kan ti ṣì nìyẹn.

Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀. Onídèérí ní ìdérí tó dùbúlẹ̀ bí wọ́n bá tì í, tó sì ń dìde bí wọ́n bá ṣí i. Onídàábùú ní ọ̀pá ike tó ní etí lọ́tùn-ún àti lósì, tí wọ́n ń ti etí méjèèjì síwájú, kò sì ń rìn ju mílímítà kan tàbí díẹ̀ lé lọ. Ohun tó ń ba kọnẹ́kítọ̀ jẹ́ jù ni kí wọ́n ṣí onídàábùú bí ẹni ń ṣí onídèérí: etí kan á ṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Àṣìṣe kejì ni kí wọ́n máa gbé ìdérí láti ibi tí ríbọ́ọ̀nù gbà wọlé nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀yìn ni ó ń gbà ṣí. Mo gbé awò sójú, mo wá ibi tí ike méjì ti pàdé. Àwọ̀ ìdérí sábà máa ń yàtọ̀ sí ti ara kọnẹ́kítọ̀, dúdú lórí funfun tàbí àwọ̀ ilẹ̀ lórí funfun. Mo fi orí ike kàn án láìtẹ̀ ẹ́, mo wo ibi tó ti fẹ́ mì. Ibẹ̀ ni mo gbà.

Ti kíbọ́ọ̀dù ní eyín 32, tí àárín ọ̀kan sí èkejì jẹ́ ìdajì mílímítà, nítorí náà ó fẹ̀ díẹ̀ ju mílímítà 16 lọ. Onídèérí tó ń ṣí láti ẹ̀yìn ni. Mo gbé ìdérí rẹ̀ láti àárín, kì í ṣe láti igun kan, ó sì dìde. Ríbọ́ọ̀nù jáde fúnra rẹ̀. Onídàábùú ni ti ibi ìfọwọ́rà: mo ti etí ọ̀tún dé ìdajì, mo ti òsì dé òpin, mo padà wá parí ọ̀tún.

Ti iná ló bà mí lẹ́rù. Eyín mẹ́rin péré ni, ṣùgbọ́n ìdérí rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ẹni tó tú u tẹ́lẹ̀ ti fi téèpù dúdú àwọn oníwáyà lẹ ríbọ́ọ̀nù mọ́ ọn. Gọ́ọ̀mù téèpù yẹn máa ń yọ́ bí ẹ̀rọ bá gbóná, tí ríbọ́ọ̀nù á sì máa yọ̀ jáde díẹ̀díẹ̀. Mo fi isopropyl àti búrọ́ọ̀ṣì fọ gọ́ọ̀mù náà kúrò, mo dúró kí ó gbẹ, mo wo eyín mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pẹ̀lú awò. Wọ́n dúró ṣánṣán, kò sí èyí tó tẹ̀.

Iṣẹ́ ìdérí kì í ṣe dídi ríbọ́ọ̀nù mú nìkan. Bó bá ti dùbúlẹ̀, òun ló ń tẹ eyín mọ́ bàbà ríbọ́ọ̀nù. Láìsí i, ríbọ́ọ̀nù á wọlé, ṣùgbọ́n àyè á kù. Ẹnu ríbọ́ọ̀nù báyìí sábà máa ń nípọn tó mílímítà 0.3, nítorí náà ohun tó kù ni kí n mú kí ó nípọn díẹ̀ sí i. Mo gé Kapton tó fẹ̀ gẹ́lẹ́ tó ríbọ́ọ̀nù, mo lẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀, níbi ike búlúù, kì í ṣe níbi bàbà, mo sì gé e kó bá ẹnu ríbọ́ọ̀nù dọ́gba. Ìlẹ̀ kan: ó wọlé, ó sì jábọ́ bí mo ṣe mì ín. Ìlẹ̀ méjì: mo ní láti tì í díẹ̀, kò sì jáde mọ́. Mo dán ìlẹ̀ mẹ́ta wò, ó ń fẹ́ agbára, mo sì bó ọ̀kan kúrò, torí pé ohun tó bá tẹ eyín ju bó ṣe yẹ lọ á tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀ tí wọn kò fi ní lè ta padà mọ́. Lórí rẹ̀ ni mo lẹ fóòmù mílímítà méjì sí, kí ìdí láptọ́ọ̀pù lè máa tẹ̀ ẹ́ bí wọ́n bá dé e. Super glue kò gbọdọ̀ sún mọ́ ibẹ̀: ó ń fà wọ inú àlàfo bí omi ṣe ń fà wọ aṣọ, á sì bo eyín mọ́lẹ̀.

Ká ní ìdérí ti kíbọ́ọ̀dù ló sọnù ni, n kò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Eyín 32 ti pọ̀ jù fún Kapton láti tẹ̀ ní ọgbọọgba. Èyí tí mo máa ń ṣe ni kí n wá bọ́ọ̀dù tó ti kú tí kọnẹ́kítọ̀ rẹ̀ jẹ́ irú kan náà, tí iye eyín rẹ̀ bára mu, kí n yọ ìdérí rẹ̀. Computer Village ní Ikẹja kún fún bọ́ọ̀dù báwọ̀nyẹn. Tí ìdí ìdérí bá ti ṣẹ́ mọ́ ara kọnẹ́kítọ̀, gbogbo rẹ̀ ni n ó pààrọ̀: Kapton yí ohun gbogbo tó wà nítòsí ká kí bulówà (ẹ̀rọ tí ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gbígbóná) má baà yọ́ wọn, flux (oògùn tí ń jẹ́ kí lẹ́ẹ̀dì yọ́ dáadáa) púpọ̀, kí n sì má fà á títí lẹ́ẹ̀dì fi yọ́ níbi gbogbo. Tí mo bá ń jó tuntun mọ́ ọn, etí méjèèjì tó ń dì í mú mọ́ bọ́ọ̀dù ni mo ń kọ́kọ́ fi lẹ́ẹ̀dì jó, n ó wò ó pẹ̀lú awò bóyá ó tọ́, kí n tó fa áyọ́ọ̀nù (irin gbígbóná tí ń yọ́ lẹ́ẹ̀dì) kọjá lórí eyín.

Kí kíbọ́ọ̀dù tuntun tó wọlé, mo wo ẹnu ríbọ́ọ̀nù rẹ̀ bóyá ó ti ká. Ibi tí ríbọ́ọ̀nù bá ti ká bí bébà, bàbà inú rẹ̀ lè ti já. Mo fi ẹ̀mú ẹlẹ́nu títẹ̀ di etí rẹ̀ mú, mo tì í wọlé títí ìlà funfun tí wọ́n tẹ̀ sórí rẹ̀ fi bá ẹnu kọnẹ́kítọ̀ dọ́gba lọ́tùn-ún lósì. Mo wá dé ìdérí, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Kí n tó dá síkúrù kankan padà sí ìdí, mo dá bọ́ọ̀dù, ojú ẹ̀rọ, Wi-Fi àti fáànù padà, bátìrì sì ni ìkẹyìn. Mo tan án, mo tẹ gbogbo bọ́tìnnì lọ́kọ̀ọ̀kan. Bọ́tìnnì mẹ́rin kò dáhùn, wọ́n sì jìnnà síra. Kì í ṣe pé kíbọ́ọ̀dù bàjẹ́: ìlà gígùn àti ìlà ìbú ni wọ́n fi ṣètò bọ́tìnnì, eyín kan tí kò bá kanra á pa gbogbo bọ́tìnnì tó wà lórí ìlà rẹ̀. Mo yọ bátìrì, mo ṣí ìdérí, mo rí i pé igun òsì ríbọ́ọ̀nù ti fà sẹ́yìn díẹ̀, bí ìbú fọ́nrán irun orí kan. Mo tún un tì, mo dé e, gbogbo wọn dáhùn. Iná abẹ́ kíbọ́ọ̀dù tàn. Mo jẹ́ kí ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kó gbóná dáadáa, iná náà kò ṣẹ́jú.

Kí n tó dé ìdí rẹ̀, mo fi bírò onítáwà tí kì í parẹ́ kọ ọ́ sínú ìdérí ìsàlẹ̀: “Ríbọ́ọ̀nù iná kò ní ìdérí, Kapton méjì ló wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹ má gbé kọnẹ́kítọ̀ sókè.”