Ilẹ̀ tí mo yan ló ń pa ọmọ kajú mi

Ẹ̀ẹ̀rùn méjì léraléra ni àwọn ọmọ kajú tí mo ń tọ́ nínú ọ̀rá ní Ògbómọ̀ṣọ́ ń kú mọ́ mi lọ́wọ́. Omi àárọ̀, omi ìrọ̀lẹ́, síbẹ̀ bí oòrùn bá ti kanrí, ewé á sorí kọ́. Ó dùn mí gan-an.

Mo máa ń yan ilẹ̀ nínú ààbọ̀ dọ́ọ̀mù bí ẹni ń yan gààrí, kí àrùn inú rẹ̀ lè kú. Àṣé mo ń pa ọ̀rẹ́ igi mọ́ ọ̀tá rẹ̀. Fọ́ńgọ́ọ̀sì kan wà, ìbátan olú, tó ń gbé inú gbòǹgbò. Òwú rẹ̀ tín-ín-rín débi pé ó ń wọ àlàfo ilẹ̀ tí gbòǹgbò kò lè wọ̀, ó sì ń gbé omi àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, ọ̀kan lára oúnjẹ igi, bọ̀. Ṣúgà ni igi fi ń san án padà. Ará Jámánì kan, Albert Bernhard Frank, ló sọ irú àjọgbé bẹ́ẹ̀ ní mycorrhiza lọ́dún 1885.

Mo wá lọ gbẹ́ ilẹ̀ lábẹ́ kajú àgbà kan tí ara rẹ̀ le, tòun ti gbòǹgbò wẹ́wẹ́ inú rẹ̀. Mi ò yan án, mi ò sá a sóòrùn. Ẹ̀kúnwọ́ kan ní ọ̀rá kọ̀ọ̀kan, níbi tí kóró máa jókòó sí gan-an. Mo dín ajílẹ̀ fọ́síféètì, èyí tí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì wà nínú rẹ̀, kù pẹ̀lú, torí bó bá pọ̀ jù, igi kì í fẹ́ gba àlejò náà mọ́ra.

Mo fi díẹ̀ sílẹ̀ nínú ilẹ̀ yíyan kí n lè fi wé e. Nígbà tí ọyẹ́ dé, mo fa ọ̀kan tu nínú ti tuntun: ilẹ̀ lẹ̀ mọ́ gbòǹgbò rẹ̀ bí ẹ̀kọ ṣe ń lẹ̀ mọ́ ewé. Ti ilẹ̀ yíyan, gbogbo rẹ̀ gbọ̀n dànù. Aago méjì ọ̀sán, ewé àwọn tuntun ṣì nà gbọọrọ.