Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ tí ẹ bá fẹ́ sọ ní èdè Japan pé nǹkan ń rí yín lára

Mo ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní èdè Japan, ohun tí mò ń rí sì ti sú mi. Ẹni tí kò tíì lè béèrè ọ̀nà ti lọ sanwó kíláàsì tí wọ́n ti ń kọ́ èébú inú anime, fíìmù àwòrán àwọn ará Japan! Owó ìwé gírámà gidi ló fi ṣòfò yẹn.

Èkíní, ẹ yéé sọ "sakana o kirai desu". "Sakana ga kirai desu" ni: mo kórìíra ẹja. Tí ẹ ò bá sì kórìíra ẹja, "kirai ja nai" ni ẹ ó sọ, kì í ṣe "kirakunai".

Èkejì, ẹ má sọ "kirai" nídìí oúnjẹ ẹni tó gbà yín lálejò. Ó le jù. "Nigate desu" ni kí ẹ sọ: kò bá mi lára mu. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀sìn ló ní kí ẹ má jẹ ẹlẹ́dẹ̀, ẹ sọ pé "butaniku wa taberaremasen", ẹ ò lè jẹ ẹ́. Tí ẹ bá ní "kirai", wọ́n lè rọ̀ yín pé kí ẹ ṣáà tọ́ ọ wò.

"Mazui", ìyẹn oúnjẹ yìí ò dùn: ẹ má sọ ọ́ létí ẹni tó sè é.

Èyí tó ń dùn mí jù ni "kimoi", ìyẹn ó ń rí mi lára. Ara "kimochi warui" ni wọ́n ti gé e, ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ọ̀dọ́ sì ni. Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, tí a ti ń di oúnjẹ sínú páálí, ìyá àgbàlagbà kan ṣí nattō rẹ̀ lásìkò ìsinmi. Ẹ̀wà sóyà ni nattō, wọ́n ń ṣe é bí a ṣe ń ṣe irú. Ìyá yìí fi igi ìjẹun rò ó títí ó fi ń yọ̀ tó ń fà. Ọmọ wa kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé bú sẹ́rìn-ín: "Kimoi!" Ìyá náà ní "sō desu ka", ṣé bẹ́ẹ̀ ni, ó dé abọ́ ike náà, ó dá a padà sínú báàgì, ó sì jẹ ìrẹsì lásán. Ẹnikẹ́ni ò bá ọmọ náà wí. Èmi ni mo lọ bẹ ìyá náà, nítorí òun gan-an ló ń kọ́ ọmọ yìí níṣẹ́. Ṣé nílé, ó lè wo ojú ìyá àgbà kó ní oúnjẹ wọn ń rí òun lára? Ọmọ tí wọ́n fi irú tọ́ dàgbà!

Tí ẹ bá sì gbọ́ "kimochi warui" lẹ́nu ẹni tó jókòó tì yín nínú bọ́ọ̀sì, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé èébì ló ń gbé e. Ẹ wá ọ̀rá fún un.

"Uzai" (ó ń yọ mí lẹ́nu), "mukatsuku" (ó ń bí mi nínú), "saitei" (kò sí èyí tó burú tó o): ẹ mọ̀ wọ́n létí, ẹ má fi wọ́n sẹ́nu. Àmọ́ tí ẹnì kan bá ń fọwọ́ kàn yín nínú ọkọ̀ ojú irin, ẹ má wá ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ kígbe "yamete kudasai!", ẹ jọ̀ọ́ ẹ dáwọ́ dúró!

Ọ̀rọ̀ "chotto", ìyẹn díẹ̀, náà wà ńbẹ̀. Ẹ bẹ ọ̀gá pé kó pààrọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ yín, ó fa èémí gba àárín eyín, ó ní "sore wa chotto…", bí ẹni pé ìyẹn díẹ̀…, ẹ wá dúró, ẹ ń retí ìyókù. Kò sí ìyókù. Ó ti kọ̀ nìyẹn. Ẹ sọ pé "wakarimashita", ó ti yé mi, kí ẹ padà sídìí iṣẹ́ yín.